Oògùn márùn-ún nínú abọ́ ògì kan: kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí oògùn lẹ́yìn tí a bá gbé e mì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ti pé ẹni ọdún 71. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Nifedipine retard 20 mg ni wọ́n ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú metformin 500 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, àti omeprazole 20 mg láàárọ̀ nítorí ọgbẹ́ inú. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, dókítà fi ciprofloxacin 500 mg kún un, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7, nítorí àrùn tó wà ní ọ̀nà ìtọ̀ wọn, àti ferrous sulphate ẹyọ kan lójúmọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Oògùn kì í tètè gba ọ̀fun wọn kọjá. Mo máa ń lọ̀ gbogbo rẹ̀ kúnná, màá dà á sínú ògì tí mo ti fi mílíìkì sí, wọ́n á sì mu ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni mò ń ṣe lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí mò ń ṣe kò dára. Ṣé kì í ṣe inú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹnu kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí kálukú ti ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìgbà tó ń wọ̀ ọ́, àti ohun tó lè dí i lọ́nà kò dọ́gba rárá. Ẹ̀gbọ́n yín ló jàre. Nínú oògùn márààrún, metformin nìkan ni abọ́ ògì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ pa lára. Mẹ́ta ń ṣòfò nínú rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ìyẹn nifedipine, lè ṣe bàbá ní jàǹbá láàárín wákàtí kan. Kí ẹ tó ka ìyókù ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká dá ìyẹn dúró báyìí: ẹ má ṣe lọ̀ nifedipine mọ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí wọ́n máa lò tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí oògùn ń tọ̀. Oògùn tí a gbé mì kò tíì wọ ara. Inú ọ̀nà oúnjẹ ló ṣì wà. Hóró náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ túká, kí èyí tó túká sì yòrò sínú omi, nítorí ohun tó bá yòrò nìkan ni ara ìfun ń gbà wọlé. Hóró lásán tí wọn kò fi nǹkan kan bò gbọ́dọ̀ lè túká láàárín ìṣẹ́jú 15 nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí èèyàn fi ife omi kan gbé oògùn mì, kì í ṣe itọ́ tàbí ẹ̀kún ẹnu omi kan péré. Omi ló ń gbé e kọjá lọ́fun, omi náà ló sì ń yọ́ ọ.

Àpòlúkù kì í fi bẹ́ẹ̀ gba oògùn sínú ẹ̀jẹ̀. Ibi ìdúró ni. Ìfun kékeré ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó gùn tó mítà 6 nínú àgbàlagbà, inú rẹ̀ kò sì dán: ó ṣẹ́ po lóríṣiríṣi, ara rẹ̀ sì hu irun wínníwínní bíi ti aṣọ ìnura, kí ojú tó ń fa nǹkan mu lè pọ̀. Nítorí náà, bí oògùn kan ṣe máa yá tó wà lọ́wọ́ bí àpòlúkù bá ṣe tètè tú u sílẹ̀. Bí inú bá ṣófo, omi lásán kì í ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ níbẹ̀. Bí èèyàn bá ti jẹ iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí elépo, ó lè tó wákàtí 3 tàbí 4. Paracetamol tí ẹ lò láìjẹun lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn iyán, ẹ ó ṣì máa retí rẹ̀. Kò dínkù, ó kàn pẹ́ ni. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ pé kò ṣiṣẹ́, tí wọ́n á tún lo méjì mìíràn lé e lórí, tí ohun tí wọ́n lò lọ́jọ́ kan á sì kọjá 4 gíráàmù, ìyẹn hóró 8 ti 500 mg, tí kò yẹ kí àgbàlagbà kọjá nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun wá kì í lọ sí ọkàn tààrà. Iṣan ńlá kan ló ń kó o lọ sí ẹ̀dọ̀ ná, ẹ̀dọ̀ á sì ba èyí tó bá lè bà jẹ́ nínú oògùn náà jẹ́ kí ó tó jẹ́ kí ìyókù kọjá. Àwọn oògùn kan ń pàdánù púpọ̀ níbẹ̀. Nínú propranolol 40 mg, ìyẹn oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí èèyàn gbé mì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń yè bọ́. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fi sínú iṣan fi máa ń jẹ́ 1 sí 3 mg péré. Ẹni tó bá rò pé abẹ́rẹ́ ló lágbára ju hóró lọ ní gbogbo ìgbà ti ṣì í gbọ́: àwọn tó ṣe hóró ti ka ohun tí ẹ̀dọ̀ máa mú mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ẹ̀dọ̀, ẹ̀jẹ̀ á pín oògùn káàkiri. Kò mọ orí tó ń fọ́ tàbí orúnkún tó ń ro. Ibi gbogbo ló ń dé, ibi tó bá ti rí ohun tó lè dì mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ náà ni ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ń kó o jáde. Àkókò tí ìdajì rẹ̀ fi ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń pinnu iye ìgbà tí a ó lò ó. Ti paracetamol jẹ́ wákàtí 2 sí 3, nítorí náà èèyàn ń tún un lò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ti amlodipine, tí í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ́ wákàtí 30 sí 50: ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó o, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan kí iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ amlodipine lọ́jọ́ Ajé, tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó sì ní kò ṣiṣẹ́, kò tíì fún un láyè. Nígbà tí wọ́n bá sì kọ "1 × 2" sára àpò oògùn, wákàtí 12 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, kì í ṣe àárọ̀ àti ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí abọ́ ògì.

Nifedipine fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀; nǹkan bí wákàtí 2 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Hóró retard ni wọ́n ṣe lọ́nà tí á fi máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó lè tó nǹkan bí wákàtí 12. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ ti fọ́ ohun tó ń dá a dúró. Gbogbo 20 mg á wọlé pọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ á ṣí, ìfúnpá á já wálẹ̀ lójijì, ọkàn á máa sáré. Òòyì á kọ́ bàbá bí wọ́n bá dìde, wọ́n lè ṣubú, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ àti ọkàn sì lè má tó. Nígbà kan rí, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń lu kápúsù nifedipine kí aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga gan-an lè gbé omi inú rẹ̀ mì, kí ìfúnpá lè tètè wálẹ̀. Wọ́n wá rí i pé ó ń fa rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn, ó sì di ohun tí a ń kìlọ̀ fún dókítà ní àárín àwọn ọdún 1990. Ohun tí ẹ ń ṣe láìmọ̀ fara jọ ìyẹn.

Apá kejì rẹ̀ wà tí kì í hàn sójú. Oògùn tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà á tètè tán. Tó bá fi máa di ọ̀sán, èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan, ìfúnpá á sì tún gòkè. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni ẹ máa ń dé kílíníìkì, iye tó ga ni nọ́ọ̀sì máa rí, dókítà á sì fi oògùn kún un fún ẹni tí oògùn rẹ̀ ti tó tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ oògùn lílọ̀, torí kò sẹ́ni tó máa fura sí odó. Bí ẹ bá ti ń fún wọn ní odindi, ẹ wọn ìfúnpá wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá dókítà. Ẹ sọ fún un pé lílọ̀ lẹ ti ń lọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó nílò láti mọ̀.

Ẹ máa wo ẹ̀yìn orúkọ oògùn yòówù tó bá wọlé yín. Bí ẹ bá rí Retard, SR, XR, XL, LA, CR tàbí MR (àmì pé oògùn náà ń yọ́ díẹ̀díẹ̀), tàbí EC, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rún un lẹ́nu. EC, tó wọ́pọ̀ lára aspirin àti diclofenac, yàtọ̀ díẹ̀ sí àwọn yòókù: wọ́n fi ìbòrí bò ó kí ó má bàa tú sínú àpòlúkù ni.

Irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ wà lára omeprazole náà, ìrìn àjò oògùn yìí sì yẹ fún àlàyé, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ló ń lọ pa ásíìdì níbi tó ti bá a. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn ásíìdì ni, síbẹ̀ ásíìdì ń bà á jẹ́. Nítorí náà wọ́n ṣe é ní wóró kéékèèké nínú kápúsù, wọ́n bo wóró kọ̀ọ̀kan, kí ó lè la àpòlúkù kọjá láìtú, kí ó sì tú nínú ìfun. Láti ìfun, ó wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó gba ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ wá gbé e padà wá bá àpòlúkù láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ásíìdì wà. Ó dì mọ́ ohun tó ń tú ásíìdì jáde nínú wọn, kò sì ní jáwọ́ lára rẹ̀ mọ́. Oògùn náà kì í ju nǹkan bí wákàtí kan lọ kí ìdajì rẹ̀ tó tán nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe lè wà níbẹ̀ tó ọjọ́ 3. Nínú àwọn ohun tó ń tú ásíìdì jáde yìí, èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè dì mọ́, oúnjẹ ló sì ń jí wọn sí iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ: kí ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Bí ẹ bá wá lọ̀ ọ́, ìbòrí ti lọ nìyẹn, ásíìdì á sì ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ìfun.

Ciprofloxacin ni mílíìkì yín ń mú. Kálísíọ̀mù inú mílíìkì, irin inú ferrous sulphate, magnesium àti aluminium inú oògùn inú ríro bíi Mist Mag, gbogbo wọn ló ń dì mọ́ ciprofloxacin nínú ìfun, wọ́n á di ohun kan tí ara ìfun kò lè gbà wọlé, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Nínú abọ́ yín, mílíìkì wà níbẹ̀, irin wà níbẹ̀, a sì ti lọ̀ gbogbo rẹ̀ kúnná kí wọ́n lè rí ara wọn dì mú dáadáa. Kòkòrò tó wà ní ọ̀nà ìtọ̀ á rí oògùn díẹ̀ tí kò tó pa á, èyí tó bá sì yè nínú wọn lè di alágídí tí oògùn kò ràn mọ́. Tó bá di ọjọ́ keje tí ìtọ̀ ṣì ń ta bàbá, àwọn ará ilé á ní ayédèrú ni oògùn, tàbí kí wọ́n lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ. Doxycycline àti tetracycline náà kò bá mílíìkì àti irin rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni levothyroxine tí àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ sábà máa ń lò: inú òfìfo ló fẹ́, kí wákàtí 4 sì wà láàárín òun àti irin tàbí kálísíọ̀mù.

Kì í ṣe pé mílíìkì burú fún gbogbo oògùn o. Bí ó bá jẹ́ artemether-lumefantrine ti ibà ni, mílíìkì gan-an ni èmi ì bá ní kí ẹ fún wọn. Lumefantrine kì í yòrò nínú omi, ọ̀rá ló ń gbé e. Pẹ̀lú oúnjẹ ọlọ́ràá, iye tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ lè tó ìlọ́po 16 ti ìgbà tí inú ṣófo. Ibà kì í sì jẹ́ kí oúnjẹ wu èèyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń fi omi lásán gbé e, ibà á sì tún padà dé. Ife mílíìkì kékeré kan, àkàrà, tàbí ẹyin díndín tó láti tún un ṣe. Bí aláìsàn bá bì í láàárín wákàtí kan tó lò ó, kí ó tún ìwọ̀n yẹn lò.

Ferrous sulphate ń fẹ́ ásíìdì kí ó tó lè wọlé dáadáa, omeprazole sì ń dín ásíìdì kù. Ẹ má tìtorí ìyẹn fi ọ̀kankan sílẹ̀; ẹ kàn má retí pé kí ẹ̀jẹ̀ wọn tètè gòkè, kí ẹ sì rán dókítà létí pé wọ́n ń lo méjèèjì. Tíì ń dí i lọ́wọ́, mílíìkì náà ń dí i lọ́wọ́, ọsàn ń ràn án lọ́wọ́. Ìgbẹ́ wọn á dúdú, ìyẹn kò burú. Èyí tó burú ni ìgbẹ́ dúdú tó ń dán, tó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí, tí òórùn rẹ̀ yàtọ̀: ẹ̀jẹ̀ láti ara ọgbẹ́ inú lè wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ tún bi dókítà ohun tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ọkùnrin ẹni ọdún 71 tó ní ọgbẹ́ inú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, kò yẹ kí a kàn fún ní irin kí a sì dákẹ́.

Ti metformin kò le. Ẹ̀dọ̀ kì í fọwọ́ kàn án, kíndìnrín ló ń kó o jáde bó ṣe wà. Oúnjẹ la fi ń bá a rìn kí inú má bàa máa rú, kí ìgbẹ́ gbuuru má sì wá. Nítorí kíndìnrín ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín bàbá wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Èyí tí kò ní XR lórúkọ ṣeé fọ́. Ó korò ni.

Bí èmi bá ni mo ń fún wọn, báyìí ni màá ṣe é. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, omeprazole pẹ̀lú omi. Bí kápúsù náà kò bá lọ, ẹ ṣí i, ẹ da wóró inú rẹ̀ sínú omi ọsàn díẹ̀, kí wọ́n gbé e mì lójú ẹsẹ̀ láìrún un, kí wọ́n sì fi omi tẹ̀ lé e. Ní aago méje, ògì láìsí mílíìkì, pẹ̀lú àkàrà tàbí mọ́ín-mọ́ín. Nídìí oúnjẹ náà ni kí wọ́n ti lo metformin, nifedipine lódindi, àti ciprofloxacin. Ní aago méjìlá ọ̀sán, wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán, ferrous sulphate pẹ̀lú ọsàn. Ní aago méje alẹ́, oúnjẹ alẹ́, metformin, nifedipine àti ciprofloxacin. Irin fi wákàtí 5 jìnnà sí ciprofloxacin àárọ̀, ó sì fi 7 ṣáájú ti alẹ́. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí ciprofloxacin fi ó kéré tán wákàtí 2 ṣáájú irin, tàbí kí ó tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí 6. Bí ètò yìí bá ṣòro fún yín, ẹ bi dókítà bóyá irin lè dúró títí ọjọ́ 7 ciprofloxacin á fi pé. Mílíìkì náà lè padà nígbà yẹn.

Ní ti gbígbé mì: kí bàbá jókòó dáadáa, kí wọ́n má dùbúlẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ mu omi díẹ̀ kí ọ̀fun lè tutù. Hóró máa ń rọrùn bí ẹ bá gbé e lódindi sórí ṣíbí ògì tó ki, kí wọ́n gbé e mì pọ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n wá fi omi tẹ̀ lé e. Kápúsù ń léfòó sórí omi, nítorí náà kí wọ́n tẹ orí síwájú díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbé e, kí wọ́n má gbé orí sókè. Kí wọ́n jókòó fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀, kí oògùn má bàa há sọ́nà ọ̀fun, kó sì dá egbò síbẹ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ lọ sọ fún dókítà tàbí apòògùn. Amlodipine lè rọ́pò nifedipine retard fún ẹni tí ọ̀fun ń yọ lẹ́nu, torí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pẹ́, kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe hóró. Fífọ́ kì í ba tirẹ̀ jẹ́. Dókítà ni kó pààrọ̀ rẹ̀ o, ẹ má ṣe é fúnra yín. Irin wà ní olómi. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ ọ̀fun bàbá wò, pàápàá bí omi lásán bá ń mú wọn wúkọ́ tàbí bí ìṣòro yìí kò bá pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: rọpárọsẹ̀ kékeré tí kò sẹ́ni tó mọ̀ sí lè wà nídìí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ gréèpù (grapefruit, kì í ṣe èso àjàrà) tàbí kí wọ́n mu omi rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lo nifedipine. Ó máa ń dá ohun tó ń fọ́ oògùn náà nínú ìfun dúró, oògùn á sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọsàn wa lásán kò ní ìṣòro yẹn. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e tì títí ciprofloxacin á fi tán. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbàgbé nifedipine kan, tí àkókò ìkejì sì ti sún mọ́, kí wọ́n fo èyí tí wọ́n gbàgbé. Kí wọ́n má lo méjì pọ̀.

Ohun méjì ni kí ẹ máa ṣọ́ nítorí ciprofloxacin ní ọjọ́ orí wọn. Ó lè gbé ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sókè tàbí kí ó já a wálẹ̀, nítorí náà ẹ máa yẹ ṣúgà wọn wò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ sì wá ohun dídùn fún wọn kíá bí òógùn bá ń bò wọ́n tí ara sì ń gbọ̀n. Ó sì lè ba iṣan tó so gìgísẹ̀ mọ́ ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ jẹ́ nínú ẹni tó ti kọjá ọdún 60. Bí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n tàbí ó wú, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n má rìn jìnnà, kí ẹ sì kàn sí dókítà lọ́jọ́ náà kí ó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.